Ẹyẹ Inú Fírísà

Ti àwọn ẹlòmíràn, inú igbá ló ń gbé,
wọ́n á fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n á gbé e sájà.
Ti ìyá àgbà mi, inú fírísà ni,
lábẹ́ yìnyín igba náírà,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ páńlá tí orí rẹ̀ ti kán.

Ogójì ọdún ló fi ta yìnyín ní Òkè-Pópó.
A rò pé òwò ni,
àfi ìgbà tí ikú ń fà á lẹ́sẹ̀,
tó fà mí létí mọ́ra:
"Sílífà, má jẹ́ kí yìnyín yẹn yọ́.
Ohun tí ìyá mi fún mi tí mi ò fẹ́,
ó ń sùn nísàlẹ̀ rẹ̀.
Mi ò pa á. Mi ò lò ó.
Mo kàn jẹ́ kí òtútù mú un."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí.
Ìdánwò Wáẹ́kì ku oṣù méjì.
Mo fẹ́ ka kẹ́mísírì, mo fẹ́ ra bàtà pupa,
mo fẹ́ kí Múfútàù ojúlé kejì
kí mi láìwo ilẹ̀.
Ta ló fẹ́ di ẹlẹ́yẹ?
Àwọn tó ń pòwe pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí,
wọn ò ní bi mí bóyá mo sùn lánàá.

Nítorí náà mo di ẹrú iná.
Bí wọ́n bá mú un lọ, èmi ni mo ń sáré ra bẹntiróòlù,
èmi ni mo ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ títí apá á fi wú.
Owó fọ́ọ̀mù mi wọnú epo.
Lóru, mo máa ń gbọ́ ọ
tó ń fi àgógó kan yìnyín lábẹ́nú,
kò, kò, kò,
bí àlejò tó mọ̀ pé onílé wà nílé.

Ó di òru Jímọ́ọ̀ kan.
Egungun Wàsíù àbúrò mi bẹ̀rẹ̀.
Ẹ mọ àìsàn yẹn, èyí tí í bá òjò dé,
tí í wọnú orúnkún bí ìṣó.
Ó bu aṣọ ìbora jẹ kó má baà jí ilé.
Oògùn ti tán. Ìyá wa wà níṣẹ́ alẹ́ ní Àpápá.
Omi òjò gba àdúgbò, ó mu àgbàlagbà dé itan.
Wàsíù wò mí, kò sọ nǹkan kan.
Ìyẹn ló burú jù.

Iná wà. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: iná wà.
Ẹnikẹ́ni ò mú un lọ.
Èmi ni mo fọwọ́ ara mi yọ wáyà lára ògiri.

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Páńlá rọ̀.
Nígbà tí mo ṣí i, kò sí mànàmáná,
ẹyẹ tó jáde kò ju ológoṣẹ́ lọ,
ó tutù rinrin, ó ń gbọ̀n,
ó gbọn omi ìyẹ́ rẹ̀ sí mi lójú, ó ní:
"Ogójì ọdún ni mo fi gbààwẹ̀. Ta ni mo máa jẹ?"
Mo ní: "Ènìyàn kọ́.
Wá jẹ ohun tó wà lórúnkún ọmọ yìí."
Ó ní òun ò jẹ irú rẹ̀ rí.
Mo ní ẹni ebi ń pa kì í ṣàwáwí.

Ó bà lé e lórúnkún. Ó ṣá a jẹ, ó ṣá a jẹ,
títí Wàsíù fi tu aṣọ ìbora lẹ́nu,
tó sùn, ẹnu là sílẹ̀ bíi ti òmùgọ̀.

Mo ki wáyà bọ ògiri padà.
Fírísà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹyẹ wò ó, ó wò mí,
ó fò sórí ìwé kẹ́mísírì mi, ó pa ìyẹ́ pọ̀.
"Ibí móoru," ló wí.

Ilẹ̀ mọ́. Ìyá Báríkísù dúró lẹ́nu ọ̀nà,
ó so yẹ̀rì sókè nítorí omi.
"Sílífà, yìnyín wà?"
Mo wẹ̀yìn wò.
Mo ní, "Ó ti yọ́, mà. Ẹ padà wá lọ́la."
Mi ò tíì mọ̀ bóyá irọ́ ni mo pa.